Nọ́káòtù Inú Ògiri

Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Ọ̀pẹ, nígbà tí a ti kan òrùlé ilé tí mò ń kọ́ sí Ìjù, ní ẹ̀bá Ọ̀tà Igánmọdẹ, tí ó sì ku kí àwọn bíríkìlà rẹ́ ògiri rẹ̀, ọ̀gá oníná tí ó gba iṣẹ́ ilé náà lọ́wọ́ mi kọ gbogbo ohun tí yóò lò sí ojú ìwé kan, ó sì fi rán ọmọ tí ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ sí mi. Abẹ́ igi máńgòrò kan tí n kò jẹ́ kí wọ́n gé ni èmi àti ìyá mi jókòó sí, tí a ń wo àwọn tí ń po yanrìn mọ́ sìmẹ́ńtì, tí ariwo àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tí ń gba títì Ìdírókò lọ sí ẹnu bodè sì ń dún sí wa létí láti òkèèrè bí omi òkun. Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀, ó kí wa, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí ka ìwé náà sókè: páìpù tó báyìí, wáyà tó báyìí, ìṣó tó báyìí, àti nọ́káòtù mẹ́rìnlélógún.

"Nọ́káòtù kẹ̀?" ni ìyá mi wí, ó sì gbé ọwọ́ lé àyà. "Èyí tí àwọn ọlọ́pàá ń kéde rẹ̀ lórí rédíò láàárọ̀ yìí pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tà, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ yìn? Òun ni ẹ fẹ́ kó sínú ògiri ilé ọmọ mi?"

"Rárá o, Ìyá àgbà," ni ọmọ náà dáhùn, "kì í ṣe ti Kérésì. Èyí tí iná ń gba inú rẹ̀ kọjá ni."

Iná tí ọmọ náà dárúkọ yìí kò fi ìyá mi lọ́kàn balẹ̀ rárá, nítorí pé iná tí a fi ń dáná àmàlà àti iná tí ń gba inú wáyà wá tan ilé, orúkọ kan náà ni àwa Yorùbá sọ wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni nọ́káòtù tí òun mọ̀, iná ni a ń ṣá sí i kí ó tó bú gbàmù. Mo ní kí ọmọ náà padà lọ pe ọ̀gá rẹ̀ wá kí ó wá ṣe àlàyé fún Màmá. Kí ọ̀gá náà tó dé, bí mo ti jókòó níbẹ̀, mo rántí pé ní alẹ́ àná, ní ibi tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù ní ìyànà Ìjù, mo gbọ́ tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń wí fún ẹnì kejì rẹ̀ pé, "Tí wọ́n bá ti dé nọ́káòtù, kò sí àánú mọ́." Kò sí ìbúgbàmù nínú ọ̀rọ̀ tirẹ̀, kò sì sí wáyà níbẹ̀. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Báyìí ni ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ṣe ń rìn kiri ní Ìjù, tí ó ń wọ ẹnu oníná, tí ó ń wọ ẹnu ọlọ́pàá, tí ó ń wọ ẹnu olùfẹ́ bọ́ọ̀lù, tí olúkúlùkù sì gbà pé tòun ni ojúlówó.

Ọ̀dọ̀ àwọn abẹ̀ṣẹ́kù-bí-òjò ni ọ̀rọ̀ náà ti wá bá wa. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ dúró díẹ̀ lórí orúkọ tí àwọn baba wa sọ àwọn ènìyàn wọ̀nyí, nítorí pé oríkì ni, kì í ṣe orúkọ lásán: ẹni tí ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ ń kù bí òjò. Òjò tí ń kù kò ì tí ì rọ̀. Ìkùnrìrì rẹ̀ lókè ni ó ń mú kí ìyá sáré lọ kó aṣọ tí ó sá, kí ọmọdé sì wá ibi fi orí pamọ́ sí. Nígbà tí àwọn baba wa wo ọkùnrin tí ó di ìkúùkù, ariwo ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́, wọn kò tilẹ̀ tí ì wo ẹni tí ìkúùkù náà yóò bà. Mo bẹ̀ yín, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé etí tí ó gbọ́ ariwo yìí ni yóò sọ ohun mìíràn ní nọ́káòtù nígbà tí ó bá yá.

Ṣùgbọ́n ojú ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi wò ó ní tiwọn. Gbígbá ni ìdajì ọ̀rọ̀ náà, jíjáde ni ìdajì kejì: a gbá ènìyàn títí ó fi jáde kúrò nínú ìjà. Àwa náà ní ìjà tiwa kí òyìnbó tó dé, ìjàkadì tí a ń fi ìlù jà ní gbàgede, tí ó jẹ́ pé bí ẹ̀yìn ẹnì kan bá ti kan ilẹ̀, ìjà parí nìyẹn, ẹni tí a dá yóò sì dìde, yóò gbọn yanrìn kúrò lára, yóò bá ẹni tí ó dá a rẹ́rìn-ín. Ilẹ̀ ni onídàájọ́ tiwa. Nínú ẹ̀ṣẹ́ kíkàn, ilẹ̀ nìkan kò tó. Ènìyàn lè ṣubú lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ó sì dìde lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ó tún wá na ẹni tí ó gbé e ṣubú. Àkókò ni ó ń dájọ́ níbẹ̀. Nínú òfin tí Jack Broughton ṣe ní ìlú London ní ọdún 1743, ààbọ̀ ìṣẹ́jú ni a fi sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá ṣubú láti padà wá sí àárín. Nígbà tí òfin tí a ń fi orúkọ Marquess of Queensberry pè jáde ní ọdún 1867, èyí tí ọkùnrin kan tí ń jẹ́ John Graham Chambers fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ, tí ó mú kí ìbọ̀wọ́ di dandan, tí ó sì fi ìṣẹ́jú mẹ́ta-mẹ́ta pín ìjà, ààyè náà dínkù di ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá péré. Láti ìgbà náà ni rẹfirí ti ń dúró lé ẹni tí ó ṣubú lórí, tí ó ń na ìka sí i lójú, tí ó ń kà: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún, ẹ̀fà, èje, ẹ̀jọ, ẹ̀sán. Bí ó bá pe ẹ̀wá kí ẹni náà tó fi ẹsẹ̀ méjèèjì dúró, ó di nọ́káòtù. Bí rẹfirí kò bá sì fẹ́ kà mọ́, nítorí pé ó rí i pé ojú ẹni tí ó dúró náà ti ṣú, tí ọwọ́ rẹ̀ kò sì gbèjà ara rẹ̀ mọ́, ó lè dá ìjà dúró, kí ó sì ka ẹni náà sí ẹni tí a nà tán bí ó tilẹ̀ wà lórí ìdúró.

Kí ni ó ń ṣe ẹni tí ó ṣubú náà gan-an? Ọpọlọ wa kò lẹ̀ mọ́ agbárí. Inú omi ni ó ń léfòó sí, bí ẹyin inú èèpo rẹ̀. Bí ìkúùkù bá bá ènìyàn ní àgbọ̀n ìsàlẹ̀, orí yóò yí bìrí, ṣùgbọ́n ọpọlọ kò ní í lè yí bá a lẹ́ẹ̀kan náà. Yóò fà sẹ́yìn, yóò lọ́, yóò gbá ara mọ́ eegun, àwọn fọ́nrán wẹ́wẹ́ tí ń gbé iṣẹ́ láti ibì kan dé ibòmíràn nínú rẹ̀ yóò sì nà kọjá bí ó ti yẹ. Ní ojú ẹsẹ̀, iṣẹ́ kò jẹ́ mọ́. Ẹsẹ̀ kò mọ̀ pé òun ni ó ru ara. Ìdí nìyí tí ẹni tí a gbá ní àgbọ̀n fi ń wó lulẹ̀ bí aṣọ tí okùn tí a sá a lé já, nígbà tí ẹni tí a gbá ní àyà tàbí ní èjìká yóò kàn ta gọ́ọ́gọ́ọ́ díẹ̀ tí yóò sì dúró. Bí irú èyí bá sì ń ṣẹlẹ̀ léraléra sí ọpọlọ kan náà, ìpalára tí kì í sàn ni ó ń kù síbẹ̀. Ara ẹni tí ń jà mọ ohun tí èrò ìwòran tí ń pàtẹ́wọ́ kò mọ̀.

Ìyá mi sọ fún mi pé ẹnu bàbá mi ni òun ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ní ọdún tí Tiger na òyìnbó ní Ìbàdàn. Ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹjọ ọdún 1963 ni ọjọ́ náà, ní pápá ìṣeré Liberty tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn kọ́, tí a ń fi orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ pè lónìí. Dick Tiger, tí orúkọ àbísọ rẹ̀ ń jẹ́ Richard Ihetu, ọmọ Amaigbo ní ilẹ̀ Ìgbò, ẹkùn tí kì í bú kí ó tó gbé ẹran, ọkùnrin kúkúrú tí àyà rẹ̀ le bí ìrókò, ti gba adé àgbáyé lọ́wọ́ Gene Fullmer ará Amẹ́ríkà ní San Francisco ní oṣù Kẹwàá ọdún 1962. Wọ́n tún jà ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ìjà náà sì pin sí ọgbọọgba. Ìgbà kẹta ni wọ́n wá pàdé ní ìlú Ìbàdàn Mesiọ̀gọ̀, nínú ìjà adé àgbáyé àkọ́kọ́ tí a tí ì jà rí ní ilẹ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú ní Áfíríkà. Gbogbo ènìyàn ni ó ń sọ títí di òní pé Tiger fún òyìnbó ní nọ́káòtù. Bẹ́ẹ̀ ni kò rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Fullmer kò ṣubú kí a kà á dé ẹ̀wá. Ó jà dé òpin ìpele keje, ó padà sí orí àpótí ìjókòó rẹ̀ ní igun, ojú rẹ̀ ti wú, ara rẹ̀ ti dá, kò sì dìde mọ́ fún ìpele kẹjọ. Lójú tèmi, ẹni tí ó jókòó nígbà tí ó ti tó, ìwà ọgbọ́n ni ó hù, kò sì yẹ kí a pè é ní ẹni tí a gbá jáde.

Tiger fúnra rẹ̀ kò bọ́ lọ́wọ́ ohun tí ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí. Ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Karùn-ún ọdún 1968, ní Madison Square Garden ní New York, Bob Foster, ọkùnrin gíga tí apá rẹ̀ gùn bí ọ̀pá ìká-kòkó, fi ọwọ́ òsì gbé e ṣubú ní ìpele kẹrin, rẹfirí sì kà á dé ẹ̀wá. Nínú gbogbo ìjà tí ó jà láyé rẹ̀, ìgbà kan ṣoṣo nìyẹn.

Kí Tiger tó dé ni Hogan Bassey ti wà, ọmọ Calabar tí orúkọ rẹ̀ gan-an ń jẹ́ Okon Bassey Asuquo, tí ó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó gba adé àgbáyé nínú ẹ̀ṣẹ́ kíkàn nígbà tí ó na Chérif Hamia ní ìpele kẹwàá ní ìlú Paris, ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Kẹfà ọdún 1957. Ọkùnrin tí ó gba adé náà lọ́wọ́ Bassey ní Los Angeles ní ọdún 1959, Davey Moore ni orúkọ rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, ní ìlú Los Angeles kan náà, ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù Kẹta ọdún 1963, Moore bá Sugar Ramos jà, ó ṣubú, ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ sì gbá okùn ìsàlẹ̀ tí ó yí ibi ìjà ká. Ó dìde. Ó tilẹ̀ bá àwọn oníròyìn sọ̀rọ̀ nínú yàrá rẹ̀ lẹ́yìn ìjà. Ìgbà tí ó ṣe díẹ̀ ni ó ní orí ń fọ́ òun, oorun tí ó sì sùn lọ, kò jí níbẹ̀ mọ́. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù náà, ó kú. Nǹkan bí oṣù márùn-ún péré lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni àwa ń jó ní Ìbàdàn. N kò sọ èyí láti bu omi tútù sí ayọ̀ àwọn àgbà wa, nítorí pé ayọ̀ náà tọ́, ó sì yẹ. Mo sọ ọ́ nítorí pé mo rí i pé ọ̀rọ̀ tí ó fúyẹ́ lẹ́nu wa yìí, ó wúwo ní ibi tí ó ti wá.

Ní ìhà tiwa níbí, Ṣàgámù Rẹ́mọ tí kò jìnnà sí wa nínú ìpínlẹ̀ Ògùn kan náà ni ìdílé Anthony Olúwafẹ́mi Ọláṣeni Joshua ti ṣẹ̀ wá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Watford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a bí i sí. Ọmọ yìí ti mọ ojú ọ̀rọ̀ náà, ó sì ti mọ ẹ̀yìn rẹ̀. Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹrin ọdún 2017, ní pápá Wembley níbi tí 90,000 ènìyàn ti péjọ, Wladimir Klitschko gbé e ṣubú ní ìpele kẹfà, ó dìde, ó sì na Klitschko ní ìpele kọkànlá títí rẹfirí fi dá ìjà dúró. Ní pápá kan náà, ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, Daniel Dubois gbé e ṣubú ní ìpele karùn-ún, a kà á, kò lè dìde. Ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀dọ́ Ìjù ni kò fojú kan oorun ní alẹ́ ọjọ́ náà, bí ẹni pé ọmọ ìyá wọn ni a gbá.

Láti ibi ìjà ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣí lọ sí orí pápá bọ́ọ̀lù, ìrìn náà kò sì jìnnà, nítorí pé jíjáde ni àwọn eléré bọ́ọ̀lù mú nínú rẹ̀, wọ́n fi gbígbá sílẹ̀. Ìdíje kan wà tí ẹgbẹ́ lè pàdánù nínú rẹ̀ lónìí kí ó tún padà wá lọ́la; ìkejì wà tí ó jẹ́ pé bí a bá nà ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ilé yá. Àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò wa ti wá orúkọ tí ó dùn fún èyí, kò-mẹsẹ̀-ó-yọ, èmi sì fẹ́ràn rẹ̀ ju ọ̀rọ̀ àlejò náà lọ, nítorí pé ó sọ ohun tí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò sọ: ẹni tí kò bá mọ ẹsẹ̀ tí ó yẹ kí ó gbé, òun fúnra rẹ̀ ni yóò yọ, kì í ṣe pé ẹnì kan lù ú. Ẹni tí ó bá ti dàgbà ní ọdún 1994 mọ bí ó ti ń rí lára. Ọjọ́ karùn-ún oṣù Keje ni, nínú Ife Àgbáyé, ní ẹ̀bá Boston ní Amẹ́ríkà. Emmanuel Amuneke ti fi góòlù kan fún wa ní apá àkọ́kọ́, a ti lé ọ̀kan nínú àwọn ará Ítálì jáde, ó ku ìṣẹ́jú méjì kí àádọ́rùn-ún pé, ìlù ti ń dún ní gbogbo àdúgbò, nígbà náà ni Roberto Baggio dá a padà. Ó tún fi pẹnáríti gbá ìkejì wọlé nínú àfikún àkókò. Ẹgbẹ́ tí Rashidi Yẹkíní fi góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà gbá nínú Ife Àgbáyé fún ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ náà di ẹrù sínú ọkọ̀ òfúrufú. Kò sí ẹni tí ó ka ẹ̀wá fún wa.

Ṣùgbọ́n bí o bá bi ọmọdé kan ní Ìjù léèrè nínú oṣù Ọ̀pẹ pé kí ni nọ́káòtù, kò ní í dárúkọ Tiger, kò sì ní í dárúkọ Baggio. Ohun tí a fi pépà wé, tí a ki ètù sí nínú, tí ìrù kékeré kan yọ ní ẹnu rẹ̀, tí a ń ṣá ìṣáná sí kí a tó sá sẹ́yìn, òun ni ọmọ náà mọ̀. Báńgà ni àwọn ẹlòmíràn ń pè é. Ilẹ̀ Ṣáínà ni ó ti ṣẹ̀ wá, ní ibi tí wọ́n ti ń ju ọparun sínú iná kí ojúkò rẹ̀ lè bú kí ó sì lé àwọn ẹ̀mí òkùnkùn lọ, kí ó tó di pé wọ́n rí ètù ṣe ní ohun tí ó ju 1,000 ọdún lọ sẹ́yìn. Èrò tèmi nípa bí orúkọ náà ṣe dé orí rẹ̀ ni pé etí kan náà tí ó sọ akànṣẹ́ ní abẹ̀ṣẹ́kù-bí-òjò ni ó sọ ọ́: àwọn ènìyàn gbọ́ gbàmù, wọ́n sì rántí ìkúùkù. Ilé là á wò kí á tó sọmọ lórúkọ, etí Yorùbá sì ni ilé tí ọmọ yìí bọ́ sí. Ìbọn yíyìn kúkú ti wà lára ayẹyẹ wa tipẹ́. Kò sí ìsìnkú àgbà ọdẹ tí ìbọn kì í dún níbẹ̀. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, a kì í ra nọ́káòtù. Orí ìṣáná ni a ń ha, tí a ń fi ìdí sípóòkù kẹ̀kẹ́ àti ìṣó ṣe tiwa, mo sì mọ ọ̀rẹ́ mi kan tí àpá rẹ̀ ṣì wà ní àtàńpàkò títí di òní.

Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù Kejìlá ọdún 2012, ọjọ́ kejì Kérésì, ilé kan tí a kó irú nǹkan wọ̀nyí pamọ́ sí ní àdúgbò Jánkárà ní Erékùṣù Èkó bú gbàmù, iná ran àwọn ilé tí ó yí i ká, ẹ̀mí lọ sí i, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì fara pa. Ohun tí àwọn ọlọ́pàá ń wí lọ́dọọdún kò ju méjì lọ: pé ó ń ba ara jẹ́, ó sì ń jó ilé, àti pé ní ìlú tí adigunjalè wà, a kò gbọdọ̀ mú kí etí aráàlú ṣe àṣìmọ̀ láàárín ìbọn àti eré. Èmi gbà pẹ̀lú wọn. Ẹni tí ó bá ti dùbúlẹ̀ lórí ilẹ̀ yàrá rí ní òru, tí ó fi ọwọ́ bo ọmọ rẹ̀ lẹ́nu, tí ó ń gbìyànjú láti mọ̀ bóyá olè ni tàbí ọmọ aládùúgbò, kò nílò kí ọlọ́pàá ṣe àlàyé kankan fún un.

Àbúrò ọ̀rọ̀ náà kan wà tí kò ní jíjáde nínú rárá, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ojú títì Ìdírókò máa ń sọ bí wọ́n bá ti ṣí iwájú ọkọ̀ tí òróró ti gbẹ nínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀: "Ó ti nọ́ọ̀kì." Ẹni tí a bá sọ ọ́ fún kì í tún béèrè nǹkan mìíràn, yóò jókòó sí orí táyà, yóò máa ka owó lọ́kàn.

Ọ̀gá oníná dé ní nǹkan bí aago mọ́kànlá. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ìyá mi, ó tọrọ àforíjì pé ọmọ òun dẹ́rù ba Màmá, ó sì fa ohun kan yọ nínú àpò rẹ̀ tí ó gbé lé e lọ́wọ́. Àpótí kékeré kan ni, irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ń dán, ìbú rẹ̀ íǹṣì mẹ́ta, òró rẹ̀ íǹṣì mẹ́ta, ojú kan rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Inú rẹ̀ ni a ń de orí wáyà sí kí a tó fi ìtanná tàbí ibi tí a ń ki ẹ̀rọ bọ̀ bò ó lójú, òun náà sì ni a ń rì sínú ògiri kí a tó rẹ́ ẹ. Ìyá mi yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Ó ní kò sí ibi tí wáyà yóò gbà wọlé.

"Ó wà níbẹ̀, Màmá," ni ọ̀gá náà wí. "Ẹ fi ìka yín pa ẹ̀gbẹ́ rẹ̀."

Lóòótọ́, bí ènìyàn bá fi ìka pa á, yóò mọ òbìrìkìtì kan lára, bí ìgbà tí a fi abẹ fa ìlà yí owó kọ́bọ̀ ká, tí a kò sì jẹ́ kí ó gé tán. Ibì kan ṣoṣo ni ó fi dì mọ́ ara àpótí. Irú òbìrìkìtì bẹ́ẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ó sì wà ní ìdí àpótí pẹ̀lú. Ọ̀gá náà gba àpótí náà padà, ó gbé e lé orí búlọ́ọ̀kù, ó fi imú túnáfísì ti òbìrìkìtì ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì fi òòlù gbá ìdí túnáfísì náà lẹ́ẹ̀kan. Ó dún kó. Irin kékeré náà tẹ̀ wọ inú. Ó fi pínsà mú un ní ẹnu, ó yí i lọ, ó yí i bọ̀, ó já, ó sì bọ́ sórí yanrìn. Ihò tí ó kù sílẹ̀ gba orí páìpù gẹ́lẹ́, bí ìgbà tí ènìyàn ki ìka bọ òrùka.

"Èyí tí ó jáde yìí ni nọ́káòtù, mà," ni ó wí. "Ara rẹ̀ ni a fi sọ gbogbo àpótí náà lórúkọ. Ibi tí páìpù bá ń gbà nìkan ni a ń gbá. Àwọn tó kù, a kì í fọwọ́ kàn wọ́n, kí sìmẹ́ńtì má baà wọlé, kí eku má sì rí ibi gbà."

"Ṣé ẹ̀ẹ̀kan náà lo máa ń gbá a?"

"Ẹ̀ẹ̀kan ni, mà. Tí mo bá gbá a lágbàjù, gbogbo àpótí á wọ́, a ò ní í lè lò ó mọ́."

Àwọn kan máa ń kédàárò pé irú ọ̀rọ̀ àlejò báyìí yóò ba èdè wa jẹ́. Èmi kò bá wọn kédàárò náà. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, yóò di ọṣẹ, àwa tí a sì ń gbá ilẹ̀, tí a ń gbá bọ́ọ̀lù, tí a ń gbá ọmọ aláìgbọràn létí, tí a tún ń gbá ọ̀rẹ́ mọ́ra, kò yẹ kí ẹnu yà wá pé ọ̀rọ̀ kan lè ṣe iṣẹ́ mẹ́rin. Ohun tí ó dùn mí ni pé nínú gbogbo iṣẹ́ tí a rán ọ̀rọ̀ yìí, ti oníná nìkan ni mo rí tí ó ń wọn agbára tí yóò fi gbá, tí ó ń ro ti ohun tí yóò ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí ó bá gbá a tán. Òun nìkan ni ó mọ èyí tí a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn.

Ìyá mi mú irin kékeré náà nílẹ̀, ó gbọn yanrìn rẹ̀, ó so ó mọ́ etí ìró. Nígbà tí ọmọ náà ti ìsọ̀ dé ní ọ̀sán tòun ti àpò tí ó kó àwọn àpótí náà sí, ìyá mi ní kí ó tò wọ́n sórí pákó kí òun lè rí wọn, ó sì ń fi ọ̀pá rẹ̀ tọ́ka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kà: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún. Ó kà á títí. Ó tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀. Mẹ́tàlélógún ni wọ́n, ọmọ náà sì ní láti padà sí ìsọ̀ lọ gba ọ̀kan tí ó kù wá.